Ẹ̀jẹ̀ Tí Wọn Kò Gbà Lọ́wọ́ Mùínàt

Ní ọdún 1957, ọmọbìnrin Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó ń jẹ́ Mùínàt ń ṣiṣẹ́ ní ilé búrẹ́dì Alhaji Dàwódù, tí kò jìnnà sí ibùdó rélùwéè Agége. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa fi bébà wé búrẹ́dì tó bá ti tutù, kó sì tò ó sínú apẹ̀rẹ̀ fún àwọn tó ń gbé e lọ tà. Ẹni ọdún méjìlélógún ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Àlàmú, ló mú un wá sí Agége, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí òwò fi gbé Àlàmú lọ sí Jọ́ọ̀sì, ó sì fi yàrá kan ṣoṣo tí wọ́n jọ ń gbé sílẹ̀ fún un.

Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ gbà pé ó ń gbéra ga. Kì í bá wọn lọ síbi ìkómọ, kì í dúró tàkúrọ̀sọ lẹ́yìn iṣẹ́, àti pé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, pàápàá nígbà òjò àti nígbà ọyẹ́, ó máa ń pòórá fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Bó bá padà dé, ohun kan náà ló máa ń sọ.

"Mo lọ kí ìyá mi ni."

Ìyá rẹ̀ kò sì fojú kàn án láti ọdún méjì. Inú yàrá rẹ̀ ló máa ń wà. Á ti ilẹ̀kùn, á fi aṣọ di orúnkún méjèèjì le dan-in, á wá máa ka ọkọ̀ ojú irin tó ń kọjá kó lè mọ ibi tí ọjọ́ dé. Láti kékeré ni egungun ti ń ro ó bí ẹni pé wọ́n ń lọ̀ ọ́ lórí ọlọ. Nílé, làkúrègbé ni wọ́n ń pè é. Wọ́n fi àgbo wẹ̀ ẹ́ títí ó fi sú wọn. Àbúrò rẹ̀ mẹ́ta ni egungun ro bẹ́ẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì kú kí wọ́n tó mọ orúkọ ara wọn kọ. Nígbà tó ń bọ̀ ní Agége, ìyá rẹ̀ fà á sí ẹ̀yìnkùlé, ó ní, "Má sọ fún ẹnikẹ́ni o. Ọkùnrin tó bá gbọ́ ọ kò ní padà wá." Mùínàt gba ọ̀rọ̀ náà, ó fi ń gbé ayé.

Ọkùnrin kan wà tó máa ń wá ra búrẹ́dì láàárọ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Suara lorúkọ rẹ̀. Wẹ́dà ni, ó ń jó irin pọ̀ ní sáìtì ní Ìkẹjà, níbi tí wọ́n ti ń ro igbó tí wọ́n sì ń kọ́ àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Á kí wọn, á gba búrẹ́dì rẹ̀, á lọ. Lọ́jọ́ kan tí Mùínàt padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, gbogbo ẹni tó rí i ló ń béèrè ibi tó lọ. Suara nìkan ló wò ó tó ní, "Ṣé ara ti yá?"

"Mi ò sọ pé ara mi ò yá," ni Mùínàt dáhùn.

"Ẹ ò sọ. Bí ẹ ṣe ń rìn ni mo wò. Ẹ ń rọra gbé ẹsẹ̀ bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ilẹ̀."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Mùínàt kó tó mọ̀. Lẹ́yìn tí ọkùnrin náà lọ tán, ẹ̀rù bà á. Ẹni tó lè wo ìrìn ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò wo nǹkan mìíràn.

Láídé ló di alárinà wọn. Abilékọ ni, òun ló ń po ìyẹ̀fun nílé búrẹ́dì, apá rẹ̀ nípọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò le. "Ọkùnrin ìdí irin yẹn ní kí n bá òun bá ọ sọ̀rọ̀," ló wí. "Mo ní kó lọ sọ fúnra rẹ̀. Ó ní bí òun bá ti rí ọ, ọ̀rọ̀ a tán lẹ́nu òun. Kí ni kí n sọ fún un?"

"Ẹ sọ fún un pé mi ò ráyè, Àǹtí Láídé."

"Kí lò ń fi àyè ọ̀hún ṣe?"

Mùínàt rẹ́rìn-ín, ó mú búrẹ́dì mìíràn. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ní ọjọ́ ìsinmi, wọ́n á máa rìn lẹ́bàá ojú irin láti Agége síhà Ìkẹjà. Suara á fi ọwọ́ hàn án, "Ibí yìí ni wọn yóò ti máa hun aṣọ. Ọ̀hún yẹn, wọ́n ní ọṣẹ ni wọn yóò máa ṣe níbẹ̀." Ilẹ̀ pupa tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú nìkan ni Mùínàt ń rí, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn bó ṣe ń sọ ọ́. Nígbà tó yá, Suara dẹ́kun pípè é ní "ẹ", ó ń pè é ní Mùínà. Mùínàt kò jẹ́ kí "Bọ̀dá Suara" kúrò lẹ́nu ara rẹ̀. Nígbà mẹ́wàá ló tò ó lọ́kàn bí òun yóò ṣe sọ ọ̀rọ̀ egungun náà fún un. Nígbà mẹ́wàá, bó bá ti dé ẹnu, ohùn ìyá rẹ̀ á dá a dúró. Ó wá ń dá wà nígbà tí Suara bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ju ìgbà tó bá wà nínú yàrá rẹ̀ lọ, nítorí nínú yàrá, kò sí ẹni tí òun ń fi nǹkan pamọ́ fún.

Ní oṣù kejì ọdún 1958, Suara mú un lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Àgídìngbì. Sùlíyá lorúkọ obìnrin náà, ará Ìṣẹ́yìn, opó tó ń ta kẹrosíìnì. Ó fún Mùínàt ní omi àti obì, ó sì jókòó síwájú rẹ̀ gan-an. Ojú Mùínàt ló ń wò. Ó wò ó pẹ́.

"Ojú rẹ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀," ni Sùlíyá wí.

"Ibà ló ṣe mí, Mà."

"Ìgbà wo?"

"Lọ́sẹ̀ tó kọjá."

"Èèyàn mélòó ni ìyá rẹ bí?"

"Àwa méjì ni, Mà. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin."

"Méjì péré? Kò sin ọmọ kankan?"

"Rárá, Mà."

Sùlíyá kò tún béèrè nǹkan mìíràn. Nígbà tí Mùínàt lọ tán, ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé ọmọbìnrin náà níwà, ṣùgbọ́n ọkàn òun kò gbà á. Suara béèrè ìdí, kò sọ. Oṣù méjì gbáko ni Suara fi ń bẹ̀ ẹ́. Láídé náà wá láti Agége lẹ́ẹ̀mejì láti bá a bẹ̀ ẹ́. Níkẹyìn, Sùlíyá ní bí Ìléyá bá ti kọjá, kí wọ́n lọ mọ àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́.

Ó ku bí oṣù kan kí Ìléyá pé nígbà tí igi tí wọ́n dè mọ́ ara ilé, tí Suara gùn ṣiṣẹ́ ní sáìtì, ṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Irin tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ya itan rẹ̀. Shuaib, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, bọ́ ẹ̀wù ara rẹ̀ fi di ojú ọgbẹ́ náà, wọ́n sì fi lọ́rì tó ń kó yanrìn gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Èkó.

Nígbà tí Mùínàt débẹ̀ pẹ̀lú Láídé, àwọn ẹbí ti wà ní ọ̀ọ̀dẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Nọ́ọ̀sì ti sọ fún wọn pé ẹ̀jẹ̀ tó dà lára Suara pọ̀, wọ́n sì ní láti fi ti ẹlòmíràn kún un. Sùlíyá ló kọ́kọ́ na apá. Wọ́n ní ó ti dàgbà jù. Làsísì, àbúrò bàbá Suara, wọlé, ó jáde pẹ̀lú òwú lápá. Shuaib náà jáde pẹ̀lú òwú lápá. Sùlíyá wá yíjú sí Mùínàt, ó ní, "Ìwọ ló kù."

Mùínàt dìde. Kò ronú rárá. Bí wọ́n bá ní kó fi gbogbo ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, yóò fi sílẹ̀.

Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ funfun ló bá ní yàrá tí wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Ezekiel. Ó rọra fi abẹ́rẹ́ gún un ní ìka, ó jẹ́ kí ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan bọ́ sínú ife gíláàsì tí omi aláwọ̀ aró wà nínú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ náà dúró sójú omi. Ó ń léfòó.

"Ó yẹ kó rì ni," ni Ezekiel wí. "Ẹ̀jẹ̀ rẹ kò tó."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ gún ìka mìíràn."

Ezekiel kò gún ìka mìíràn. Ó ń wo ojú rẹ̀. Ó fa àga fún un, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé egungun máa ń ro ọ́?"

Láti ìgbà tó ti kúrò nílé, ẹnìkan kò bi í ní ìbéèrè yẹn rí. Ó gbìyànjú láti sọ pé rárá. Omi ló jáde lójú rẹ̀.

"Ó máa ń ro mí, sà."

Ezekiel gba ẹ̀kán mìíràn sórí gíláàsì pẹlẹbẹ kan, ó fi oògùn sí i, ó bò ó, ó sì ní kí wọ́n ní sùúrù díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló pè é kó wá fi ojú kan wo inú ẹ̀rọ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Mùínàt rí àwọn nǹkan róbótó-róbótó tó kún ojú ibẹ̀. Láàrin wọn, àwọn mìíràn tẹ́ẹ́rẹ́, ṣóńṣó wọn mú, wọ́n sì tẹ̀ bí dòjé.

"Àwọn tó tẹ̀ yẹn ló ń há síbi tí ọ̀nà ti tóóró lára rẹ," ni Ezekiel wí. "Bí wọ́n bá há, egungun a máa ro ọ́. Bàbá rẹ fún ọ ní ìdajì, ìyá rẹ fún ọ ní ìdajì. Ó lè má ṣe àwọn méjèèjì ní nǹkan kan rárá."

"Àwọn àbúrò mi mẹ́ta kú."

"Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ni. Ṣé o rí i, mi ò lè gba ẹ̀jẹ̀ yìí. Kò ní ṣe ọkùnrin yẹn láǹfààní. Ìwọ fúnra rẹ ò sì ní èyí tó o lè fi ta èèyàn lọ́rẹ. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ."

Mùínàt tún fi ojú kan wo inú ẹ̀rọ náà. "Bí mo bá bímọ ńkọ́?"

"Ó dá lórí ẹni tó o bá fẹ́. Bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò bá ní in rárá, ara àwọn ọmọ á le. Bí tirẹ̀ bá ní ìdajì, nínú ọmọ méjì tó o bá bí, ọ̀kan lè dà bí ìwọ." Ó nu ọwọ́ rẹ̀. "Jẹ́ kí n jáde lọ ṣàlàyé fún àwọn èèyàn rẹ."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ má sọ fún wọn."

"Wọ́n á béèrè."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n bi mí."

Nígbà tó jáde, apá rẹ̀ ni Sùlíyá kọ́kọ́ wò. Kò sí òwú níbẹ̀.

"Ṣé wọ́n ti gbà á?"

"Rárá, Mà."

"Kí ló dé?"

Gbólóhùn kan péré ló kù kó sọ. Làsísì ń wò ó, Shuaib ń wò ó, Láídé di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó mọ̀ pé bí òun bá sọ gbólóhùn yẹn, ọ̀rọ̀ ìyàwó ti parí nìyẹn. Ó ní, "Mi ò lè, Mà."

Sùlíyá kò pariwo. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ pàápàá. "Èmi tí mo fẹ́ fún un, wọn ò gbà á. Ìwọ tí wọ́n á gbà lọ́wọ́ rẹ, o ní o ò lè. Ọmọ mi ń kú lọ nínú ilé yìí, abẹ́rẹ́ ni ìwọ ń sá fún." Ó yíjú sí ògiri. "Máa lọ. Má padà wá wò ó."

Mùínàt lọ. Òjò ń rọ̀ nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ ní Agége, kò sì sá fún un. Ní ọjọ́ kejì, egungun dé. Kò ro ó bẹ́ẹ̀ rí. Ó dùbúlẹ̀ sórí ẹní, ó ka ọkọ̀ ojú irin títí tí kò fi rántí iye tó kà mọ́. Ó ń gbọ́ tí àwọn aládùúgbò ń gún nǹkan nínú odó, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, tí ẹnìkan ń pe ẹnìkan kó wá jẹun. Kò pe ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ kẹta ni Láídé wá, ó kan ilẹ̀kùn títí, ó sì fi èjìká tì í wọlé. Nígbà tó rí i bó ṣe ká jọ, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ṣé ohun tí ò ń lọ ṣe lọ́dọ̀ ìyá rẹ láti ọjọ́ yìí nìyí?"

Mùínàt sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí dé orí omi aláwọ̀ aró. Láídé ní òun yóò lọ sí Àgídìngbì lọ́jọ́ náà gan-an. Mùínàt mú un búra pé kò ní lọ. "Bó bá jẹ́ ọ̀dájú ni wọ́n pè mí, yóò gbàgbé mi kíákíá," ló wí. "Kó lọ fẹ́ ẹni tí ara rẹ̀ le. Kí àwọn ọmọ rẹ̀ lè sáré."

Suara kò kú. Oṣù méjì ló lò nílé ìwòsàn, ó sì fi ọ̀pá jáde. Ọ̀sẹ̀ tó jáde náà ló wá sí ilé búrẹ́dì. Wọ́n dúró lẹ́yìn ààrò, níbi tí wọ́n ń to igi sí.

"Mùínà, màmá mi ní wọ́n ní kó o fún mi lẹ́jẹ̀, o ní o ò lè."

"Bẹ́ẹ̀ ni mo sọ."

"Bó bá jẹ́ ẹ̀rù ló bà ọ́, sọ fún mi. Mo ti mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ẹ̀rù báyìí."

"Kì í ṣe ẹ̀rù."

"Kí ni nígbà náà?"

Ó ti rù. Ọ̀pá náà kò tíì bá a lára mu, ó ń gbé e káàkiri láti ọwọ́ kan sí èkejì. Mùínàt wo ilẹ̀. "Bọ̀dá Suara, ẹ lọ fẹ́ ẹlòmíràn. Ohun tí màmá yín rí ni kí ẹ tẹ̀ lé."

Suara fi ọ̀pá náà tẹlẹ̀. "Mo rò pé wàá parọ́ fún mi ni," ló wí. "Mo ti múra láti gba irọ́ náà. Ì bá tẹ́ mi lọ́rùn." Ó sì yí padà, ó lọ.

Ọdún kan kọjá lórí èyí. Mùínàt ń wé búrẹ́dì. Ọmọbìnrin mẹ́ta tó bá a níbi iṣẹ́ náà ṣe ìgbéyàwó, wọ́n sì ń wá kí wọn pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Bí wọ́n bá na ọmọ sí i, á gbé e fún ìgbà díẹ̀, á fọwọ́ pa á lẹ́sẹ̀, á dá a padà. Láídé a máa mú ìròyìn wá láìjẹ́ pé ó bi í. Suara ò lè gun igi mọ́, ilé iṣẹ́ aláṣọ kan ní Ìkẹjà ló gbà á láti máa tọ́jú irinṣẹ́ wọn. Ìyá rẹ̀ mú ọmọ Ìṣẹ́yìn kan wá fún un. Suara kò kọ̀ ọ́, kò gbà á, títí àwọn ará ibẹ̀ fi wá mú ọmọ wọn lọ. Mùínàt á gbọ́ gbogbo rẹ̀, á ní, "Ẹ kú ìròyìn, Àǹtí," á sì máa wé búrẹ́dì lọ.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1959, àwọn ará ilé ìwòsàn wá sí ilé iṣẹ́ aláṣọ náà láti gba ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó bá fẹ́ fún wọn. Suara ló kọ́kọ́ tò. Ó ní ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹlòmíràn ló ń gbé òun kiri. Ẹ̀kán rẹ̀ rì sínú omi aláwọ̀ aró náà dáadáa. Ọ̀gbẹ́ni Ezekiel, tó jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, wo ẹ̀kán kejì pẹ́, ó wá ní kí Suara jókòó.

"Ara rẹ le, má fòyà," ló wí. "Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ rẹ ń tẹ̀. Ìdajì ni, ọ̀kan nínú bàbá àti ìyá rẹ ló fún ọ. Dókítà wa ti ní ká má ṣe gba èyíkéyìí tó bá ń tẹ̀. O ṣeun tó o wá."

Suara jáde. Shuaib, tí òun náà ti gba iṣẹ́ níbẹ̀, wo apá rẹ̀ tí kò sí òwú, ó rẹ́rìn-ín. "Ìwọ wẹ́dà tí ń jó iná. Ṣé abẹ́rẹ́ ló bà ọ́ lẹ́rù?"

Eré ni Shuaib ń ṣe. Suara dúró gbagidi. Ó wo apá ara rẹ̀, ó sì padà wọlé.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́. Ṣé èèyàn lè wá fún yín lẹ́jẹ̀ tọkàntọkàn, kí ẹ kọ̀ ọ́, kó sì jáde láì sọ ìdí fún ẹnikẹ́ni?"

Ezekiel wò ó. Bóyá ó rántí, bóyá kò rántí. "Mi ò lè sọ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn fún ọ," ló wí. "Ohun tí mo lè sọ ni pé mo ti rí ẹni tó sunkún níwájú mi torí pé mi ò gbà á."

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni Suara wọkọ̀ lọ sí Agége. Ó bá Mùínàt níbi tó ti ń to apẹ̀rẹ̀.

"Wọ́n kọ ẹ̀jẹ̀ mi lónìí," ló wí.

Bébà bọ́ lọ́wọ́ Mùínàt. "Kí ni wọ́n rí?"

"Wọ́n ní ó ń tẹ̀. Ìdajì."

Mùínàt jókòó sórí àpótí. Láti ọdún kan, ohun kan ṣoṣo tó ń fi ń tu ara rẹ̀ nínú ni pé Suara yóò bí àwọn ọmọ tí ara wọn le. Ó fi ọwọ́ bo ojú.

"Ìwọ ńkọ́, Mùínà? Èwo ni tìrẹ?"

"Gbogbo rẹ̀ ni tèmi, Bọ̀dá Suara. Kò sí ìdajì níbẹ̀." Ó wá ń sọ ọ́, díẹ̀díẹ̀: àwọn ọjọ́ tó ń pòórá, àwọn àbúrò mẹ́ta tó sẹ́ níwájú Sùlíyá, ẹ̀kán tó léfòó.

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Bí mo bá sọ, mo máa pàdánù yín. Bí mi ò bá sọ, mo máa pàdánù yín. Mo wá yan èyí tí ẹ ò ti ní fojú aláìsàn wò mí."

Suara ti apẹ̀rẹ̀ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó jókòó tì í. Mùínàt ló kọ́kọ́ sọ ọ́. "Nínú ọmọ méjì, ọ̀kan lè dà bí èmi. Bí a bá bí èyí tí egungun rẹ̀ ń ro, kí la máa ṣe?"

"Mi ò mọ̀," ni Suara wí.

Bó bá jẹ́ pé ó ní Ọlọ́run ò ní jẹ́, tàbí pé kò lè ṣẹlẹ̀, Mùínàt ì bá ní kó máa lọ. Ṣùgbọ́n ó ní òun ò mọ̀, ojú rẹ̀ sì fi hàn pé kò mọ̀ lóòótọ́. Ọdún púpọ̀ ni òun nìkan ti fi wà nínú àìmọ̀ yẹn. Ó ní kó lọ sọ fún ìyá rẹ̀ ná, gbogbo rẹ̀, láì yọ ọ̀kan sílẹ̀.

Suara sọ fún Sùlíyá. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti ní ọ̀kan nínú bàbá àti ìyá rẹ̀ ló fún un, obìnrin náà dá ọwọ́ tó fi ń rọ kẹrosíìnì dúró.

"Ohun tí mo sọ fún un nílé ìwòsàn, mo ṣì í sọ," ló wí. "Bá mi bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ìgbéyàwó yìí, mi ò ní wá síbẹ̀. Mi ò ní dí yín lọ́wọ́, mi ò sì ní wá."

Kò wá. Ní oṣù kẹwàá, Áfáà so yìgì wọn ní ọ̀ọ̀dẹ̀ Làsísì. Àlàmú wá láti Jọ́ọ̀sì gẹ́gẹ́ bí aṣojú bàbá wọn, Láídé àti Shuaib wà níbẹ̀, ó sì tán síbẹ̀. Ìyàwó kò rí ìyá ọkọ tí yóò kúnlẹ̀ fún. Wọ́n gba yàrá kan ní Ọ̀rẹ́gùn. Suara ṣe dáadáa sí i, ṣùgbọ́n ìkọ̀kọ̀ tó ti mọ́ Mùínàt lára kò tètè lọ. Bí orúnkún rẹ̀ bá ń ro díẹ̀, á dìde, á máa gbálẹ̀, kí ọkọ rẹ̀ má bàa mọ̀. Suara á jókòó, á máa wò ó, kò sì ní mọ ohun tó yẹ kí òun sọ. Wọ́n á wà nínú yàrá kan náà bẹ́ẹ̀, oníkálukú pẹ̀lú tirẹ̀.

Oṣù Disẹ́ḿbà, ọyẹ́ dé, egungun sì dé pẹ̀lú rẹ̀, èyí tí kò ṣeé fi ilẹ̀ gbígbá bò. Suara kò rí ààyè gbà níbi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Nígbà tó ń lọ, ó yà ní Àgídìngbì, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ìyá rẹ̀. "Màmá, ara ìyàwó mi ò yá. Mi ò ní kí ẹ wá. Mo kàn ń sọ fún yín ni." Ó sì lọ.

Oòrùn ti mú díẹ̀ nígbà tí Mùínàt gbọ́ tí ilẹ̀kùn ṣí. Sùlíyá ló wọlé. Kò kí i. Ó wo ibi tí ìkòkò wà, ó dáná, ó gbé omi kaná, ó ti aṣọ bọ̀ ọ́, ó fún aṣọ náà, ó sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ọrùn ẹsẹ̀. Kò tẹ orúnkún náà, yíyí ló ń yí aṣọ gbígbóná náà ká a, ó ń dúró níbi tó yẹ kó dúró, ó ń fo ibi tí ọwọ́ kò gbọ́dọ̀ dé. Mùínàt ti fún ara rẹ̀ pọ̀ kó lè farada á. Nígbà tó rí i pé kò dùn ún, ó la ojú.

"Màmá, ta ló kọ́ yín?"

Sùlíyá tún ti aṣọ bọ omi. "Suara ní ẹ̀gbọ́n obìnrin," ló wí. "Rámátù. Kò rántí rẹ̀ dáadáa, ó kéré nígbà náà. Ọdún mẹ́fà ni ọmọ náà lò." Ó fún aṣọ. "Ọjọ́ tó o kọ́kọ́ wọlé mi, ojú rẹ̀ ni mo rí lójú rẹ. Ó pọ́n bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Mo mọ̀ pé irọ́ lo pa pé ìyá rẹ ò sin ọmọ. Èmi náà máa ń pa á."

Mùínàt yíjú sí i.

"Mo ní kò sí ohun tó máa mú mi tún jókòó síbi tí ẹsẹ̀ bá ti ń ro ọmọ. Ìdí tí mi ò fi wá síbi yìgì yín nìyẹn. Kì í ṣe pé mo kórìíra rẹ." Sùlíyá tún aṣọ náà yí ká orúnkún. "Bí mo bá ń ṣe báyìí fún un, ó máa ń fi ọwọ́ hàn mí níbi tó kù. Kì í sunkún. Á kàn máa hàn mí."

Níta, àwọn èèyàn ń kọjá lọ síbi iṣẹ́ wọn, wọ́n ń kí ara wọn kú ọyẹ́. Sùlíyá gbé aṣọ gbígbóná náà lé orúnkún kejì, ó sì tẹ̀ síwájú díẹ̀.

"Níbo ló kù?" ló béèrè.

Mùínàt na ọwọ́, ó sì fi hàn án.